Ta Ni Ó Fìdí Rẹmi?

Ní ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ Netflix gbé ètò alápá-púpọ̀ kan jáde tí wọ́n pè ní Losers. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó rí ní kíláàsì ògbufọ̀ ní ẹ̀ka wa á ti mọ ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe nígbà tí mo rí àkọlé yẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá Yorùbá rẹ̀. "Àwọn tó pàdánù" kò wù mí, ó dà bí ìgbà tí olè gbé fóònù ènìyàn. "Àwọn tó fìdí rẹmi" ni mo mú, mo sì rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé apá tó sọ ìtàn Surya Bonaly, ọmọbìnrin ilẹ̀ Faransé tó ń wọ bàtà onírin jó lórí yìnyín. Ẹni tó bá ṣubú nínú eré yẹn, omi ni yóò fi ìdí rẹ̀ rẹ ní tòótọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ omi dídì.

Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Mo lọ wo àkọsílẹ̀ ohun tí obìnrin yìí gbà láyé rẹ̀, orí mi sì dàrú. Ìgbà 5 tẹ̀léra ni ó gba ipò kìíní ní gbogbo Yúróòpù, láti 1991 títí dé 1995. Ìgbà 9 tẹ̀léra ni ó gba ti ilẹ̀ Faransé, láti 1989 títí dé 1997. Ìgbà 3 tẹ̀léra ni ó ṣe ipò kejì ní gbogbo àgbáyé. Bí ẹni báyìí bá fìdí rẹmi, kí ni a ó wá máa pe èmi tí mi ò ṣe ipò kẹta rí nínú eré sísá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀?

Kí ẹ má baà rò pé ìwòkuwò ni mo fi ọdún àṣekágbá mi ṣe, iṣẹ́ ni ó gbé mi dé ibẹ̀. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi dá lórí ọ̀rọ̀ tí àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ń lò nígbà tí wọ́n bá ń ṣàlàyé bọ́ọ̀lù ní èdè Yorùbá. Alábòójútó mi ka orí kejì, ó ní kí n wá eré mìíràn tí n ó fi wé e. Wọ́n ní nínú bọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ ẹnu alálàyé kò yí ohunkóhun padà; bọ́ọ̀lù wọlé tàbí kò wọlé. Kí n wá eré tó jẹ́ pé ojú ènìyàn ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó borí. Mo wá jíḿnásíìkì, mo wá ìlúwẹ̀ẹ́ aláfòsódò. Nígbà tí mo dé orí figure skating, n kò wá nǹkan mìíràn mọ́.

Orúkọ náà nìkan tó kíláàsì kan. Ohun tí "figure" inú rẹ̀ ń tọ́ka sí ni àwòrán tí àwọn oníjó yìí máa ń fi irin bàtà wọn fà sórí yìnyín, bí ẹni tó ń kọ 8, tí wọ́n á sì tún máa tẹ ojú ìlà kan náà léraléra, kí adájọ́ wá tẹ̀ba wò ó bóyá ìlà náà gún. Apá ìdíje yìí ni wọ́n fi sọ eré náà lórúkọ. Lẹ́yìn 1990, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìdíje àgbáyé pátápátá, ṣùgbọ́n orúkọ kò kúrò. Ìgbà tí wọ́n yọ ọ́ yìí gan-an ni Surya Bonaly ń goke bọ̀, kò sì sí ohun tó lè bá a lára mu ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí fífò ni ó mọ̀ jù.

Wọ́n bí i ní ìlú Nice ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 1973. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí Suzanne àti Georges Bonaly, tọkọtaya aláwọ̀ funfun, gbà á ṣọmọ. Àwọn ni wọ́n fún un ní Surya. Èdè Sanskrit ni, "oòrùn" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Olùkọ́ eré ìdárayá ni Suzanne, nítorí náà orí pápá ni ọmọ náà dàgbà sí. Títa òkìtì ló kọ́kọ́ kọ́ kó tó di pé orí yìnyín gbà á.

A máa ń sọ pé ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ní ti Surya, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n wò kí wọ́n tó wá ilé fún un. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbajúmọ̀, àwọn ìwé ìròyìn ń kọ ọ́ pé erékùṣù Réunion ni wọ́n ti bí i, erékùṣù kan nínú Òkun Íńdíà tó jẹ́ ti ilẹ̀ Faransé. Olùkọ́ rẹ̀ nígbà náà, Didier Gailhaguet, padà jẹ́wọ́ pé òun ni òun hun ìtàn yẹn. Ó dùn létí ju Nice lọ. Mo dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí fún ìgbà pípẹ́ nígbà tí mo ń kó ìwádìí mi jọ, torí ó fi hàn mí pé kí ẹnikẹ́ni tó ka máàkì kan fún ọmọ yìí, wọ́n ti ní ìtàn tí wọ́n fẹ́ kí ó bá mu: àjèjì ni, ibi jíjìn ló ti wá, igbó ni tàbí òkun. Ọmọ Nice ni o. Faransé ló ń sọ láti kékeré bíi ti gbogbo ará àdúgbò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ka máàkì láyé ìgbà yẹn, torí ibẹ̀ ni èdè ti wọ̀ ọ́. Adájọ́ 9 ni ó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yìnyín. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á kọ máàkì méjì, 6.0 sì ni òkè téńté. Máàkì kìíní wà fún iṣẹ́: ìgbà mélòó ni ó fò, ìgbà mélòó ni ó yí po nínú afẹ́fẹ́, ṣé ẹsẹ̀ kan ni ó fi balẹ̀, ṣé kò ta gọ́ọ̀gọ́ọ̀. Máàkì kejì ni wọ́n ń pè ní ti ọnà, kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà lẹ́yìn náà. Máàkì yìí wà fún bí ó ṣe wu ojú. Adájọ́ kò ní láti ṣàlàyé ohun tó wù ú tàbí ohun tí kò wù ú. Ó kàn máa tẹ nọ́ńbà. Wọn kì í sì í ro nọ́ńbà yìí pọ̀ bí ẹ ṣe lè rò. Wọ́n fi ń to àwọn oníjó lẹ́sẹẹsẹ ni, ta ni ìkíní, ta ni ìkejì lójú adájọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹni tí adájọ́ tó pọ̀ jù bá sì fi sípò kìíní ló borí. Ọ̀rọ̀ lè di adájọ́ kan ṣoṣo.

Nínú máàkì kìíní, Surya kì í bẹ̀bẹ̀. Ní Òlíńpíìkì ìgbà òtútù tó wáyé ní Albertville ní 1992, ní orílẹ̀-èdè rẹ̀, òun ni wọ́n yàn láti búra lórúkọ gbogbo eléré. Ọmọ ọdún 18 ni. Ó wá lọ sórí yìnyín, ó gbìyànjú láti yí po ní ìgbà 4 nínú fífò kan, ohun tí obìnrin kankan kò tíì ṣe yọrí nínú ìdíje nígbà yẹn. Yíyí rẹ̀ kò pé tán. Ipò karùn-ún ni ó ṣe. Ọdún 2002 ni obìnrin kan tó ṣe é yọrí, Miki Ando ọmọ Jàpáánì, nítorí náà ẹ mọ bí Surya ti ṣáájú tó.

Máàkì kejì ni ìṣòro rẹ̀. Bí ẹ bá ka ohun tí wọ́n ń kọ nípa rẹ̀ láyé ọjọ́ náà, tàbí tí ẹ gbọ́ àwọn alálàyé, ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò máa kan yín létí: lágbára, abarapá, eléré ìdárayá. Àwọn tó ń bá a díje ni ó ni ẹwà, ọnà, ìwúyẹ́. Ìyìn ni "lágbára" o, kò sí ẹni tó lè bínú sí i. Nínú eré tó ní máàkì méjì, ṣùgbọ́n, ọ̀rọ̀ tó bá ń yìn ọ́ nínú máàkì kìíní nìkan ti dákẹ́ lórí ìkejì, adájọ́ á sì gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Àwọn adúláwọ̀ tó dé òkè nínú eré náà kò pọ̀ tó ìka ọwọ́ nígbà yẹn. Debi Thomas ọmọ Amẹ́ríkà ti gba idẹ ní Òlíńpíìkì Calgary ní 1988, òun sì ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gba àmì-ẹ̀yẹ nínú Òlíńpíìkì ìgbà òtútù.

Mo mọ "lágbára" yẹn dáadáa. Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì, mo lọ fún ìdánwò ohùn ní ilé-iṣẹ́ rédíò kan, mo fẹ́ máa ka ìròyìn. Mo kà á tán, mo sì mọ̀ pé mo kà á dáadáa, kò sí àmì ohùn kan tí mo sọ nù. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ yọ gbohùngbohùn létí.

"Àbúrò, o ṣeun. Ohùn rẹ lágbára."

"Ẹ ṣé, sà."

"Ó lágbára gan-an. Ìròyìn ń fẹ́ ohùn tó tutù díẹ̀ fún obìnrin. O ò wá dán ẹ̀ka eré ìdárayá wò?"

Ọkùnrin tó wọlé lẹ́yìn mi ní ohùn tó wúwo ju tèmi lọ ní ìlọ́po méjì. Òun ni ó ń ka ìròyìn agogo méje ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ẹ̀ka eré ìdárayá ni mo lọ lóòótọ́, mo sì gbádùn rẹ̀, ibẹ̀ náà ni mo ti rí orí ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi, nítorí náà n kò sunkún. Mo kàn ṣàkíyèsí pé kò bú mi. Bí ó bá bú mi ni, ǹ bá mọ ohun tí n ó fi dá a lóhùn.

Ọdún 1994 ni kí a lọ báyìí. Ní oṣù Kejì, Surya ṣe ipò kẹrin ní Òlíńpíìkì Lillehammer ní Nọ́wè, lẹ́yìn Oksana Baiul, Nancy Kerrigan àti Chen Lu. Ní oṣù Kẹta, ìdíje àgbáyé tẹ̀lé e ní ìlú Chiba ní Jàpáánì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ṣáájú rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀. Gbogbo ènìyàn rò pé ọjọ́ rẹ̀ ti dé. Yuka Sato, ọmọ onílé, ni ó kù tó lè dí i lọ́wọ́.

Àwọn méjèèjì jó. Nígbà tí wọ́n ka ìbò, adájọ́ 5 fi Sato sípò kìíní, adájọ́ 4 fi Surya sí i. Adájọ́ kan ṣoṣo, bí mo ṣe wí.

Fídíò ohun tó tẹ̀lé e wà káàkiri. Wọ́n gbé pèpéle kalẹ̀, wọ́n pe orúkọ, Surya kò gùn ún. Ilẹ̀ ni ó dúró sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle náà. Òṣìṣẹ́ àgbà kan fà á gòkè. Wọ́n fi fàdákà kọ́ ọ lọ́rùn, ó bọ́ ọ. Omijé ti wà lójú rẹ̀ nígbà yẹn. Àwọn kan nínú gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí í hó lé e lórí. Sato wà ní òkè pèpéle, ní orílẹ̀-èdè rẹ̀, ní ọjọ́ tó yẹ kó jẹ́ ọjọ́ tó dùn jù láyé rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì mọ ibi tí yóò wò. Àánú Sato ṣe mí. Bí ọmọbìnrin kan bá ṣe báyìí fún mi ní ọjọ́ tí mo gba ẹ̀bùn, inú mi kò ní dùn.

Mo ti wo ijó méjèèjì ju ìgbà 10 lọ, èrò mi sì rèé. Ẹni tó bá ní Sato ló borí kò purọ́. Ó ń tẹ yìnyín bí ẹni pé yìnyín jẹ́ tirẹ̀, ara rẹ̀ á dà sápá ọ̀tún, á dà sápá òsì, eré á sì máa pọ̀ sí i láìjẹ́ pé ẹ rí ibi tó ti ń fi ipá sí i. Ẹni tó bá ní Surya ló borí kò purọ́ bákan náà. Ohun tí mi ò lè gbà ni pé kí wọ́n sọ fún mi pé ẹwà ló fa ìyàtọ̀, kí wọ́n má sì lè tọ́ka sí ibi tí ẹwà náà wà.

Ìdí nìyí tí mo fi ṣe ìdánwò kan. Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá, ọmọ ẹ̀ka Yorùbá ni, òun ni mo sì fi ṣe. Mo pa ohùn fídíò, mo fi ijó kan hàn án, n kò sọ orúkọ ẹnikẹ́ni fún un. Òfin kan ni mo fún un: kó ṣàlàyé ohun tó ń rí bí ẹni tó wà lórí rédíò, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ lo ọ̀rọ̀ kankan tó ń ṣàpèjúwe ènìyàn. Kò sí arẹwà, kò sí alágbára. Ohun tí ẹsẹ̀ ń ṣe nìkan.

"Ó ń bọ̀. Ó ń fi ẹ̀yìn rìn, gẹ̀ẹ́rẹ́, gẹ̀ẹ́rẹ́, ó wo ẹ̀yìn, ó ti fò! Fírí! Ó ti yí ọ̀kan, ó yí èjì, ó yí ẹ̀ta, ó balẹ̀ gbì!"

"Gbì kẹ̀?"

"Ohun tí mo rí nìyẹn. Ìwọ lo ní kí n má parọ́."

Surya ni ó ń wò. Mo gbé ti Sato fún un. Ó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó wá ní "fẹ́ẹ́rẹ́, bíi lékeléke tó bà sórí màlúù." Ara mi kò kọ́kọ́ gbà á. Mo ti ń gbèjà Surya nínú ọkàn mi láti ọ̀sẹ̀ méjì, èdè tèmi ló wá ń jẹ́rìí takò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tún gbé e wò lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu ọ̀rẹ́ mi lórí Surya ń pọ̀ sí i: "kíákíá", "gbọnrangandan", "wìì", "pọ́nún", "wéréwéré" fún ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tí orin bá yá. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 23 nínú ijó kan ṣoṣo. Ti Sato jẹ́ 14. Mo kà wọ́n, wọ́n wà ní orí kẹrin iṣẹ́ mi. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé èyí fi ẹni tó borí hàn. Ohun tó fi hàn mí ni pé ọ̀rọ̀-àpọ́nlé wa yìí, tí àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ń pè ní ọ̀rọ̀ ọjà, kì í jẹ́ kí ẹnu ènìyàn kúrò lórí ohun tí ojú rí. "Gbì" ṣeé bá jiyàn. Mo lè dá fídíò dúró, kí n ní wò ó, kò balẹ̀ gbì níbí. Mi ò mọ bí mo ṣe lè dá fídíò dúró lórí "kò ní ọnà".

Nígbà ìsinmi ni mo fi fídíò mìíràn han màmá mi nínú ìsọ̀ wọn. Wọ́n ń wọn ẹ̀wà fún oníbàárà lọ́wọ́ kan, wọ́n ń fi ojú kan wo fóònù mi.

"Ta lọmọ yìí? Yéè! Wò ó bó ṣe ta òkìtì bí eégún aláré!"

"Orí yìnyín ló ti ta á, Mà."

"Orí yìnyín? Áà, wọ́n á ti náwó fún un dáadáa."

"Wọ́n yọ máàkì rẹ̀ ni."

Màmá mi gbé kóńgò sílẹ̀. "Nítorí kí ni?"

Oníbàárà náà ti sún mọ́ wa láti wò ó, nítorí náà àwọn méjì ni mo ní láti dá lóhùn.

Òkìtì tí wọ́n rí yẹn, Nagano ni Surya ti ta á, ní Jàpáánì kan náà, ní oṣù Kejì ọdún 1998. Nǹkan ti yí padà fún un láti Chiba. Ó tún ṣe ipò kejì ní àgbáyé ní Birmingham ní 1995, lẹ́yìn Chen Lu ọmọ Ṣáínà. Ní 1996, iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ já. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, fún ẹni tó jẹ́ pé fífò ni oúnjẹ rẹ̀. Ó padà, ṣùgbọ́n kò tún fò bíi ti àtijọ́ mọ́. Ọmọ ọdún 24 ni ó jẹ́ ní Nagano. Tara Lipinski tó gba wúrà níbẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 15.

Títa òkìtì sẹ́yìn jẹ́ èèwọ̀ nínú ìdíje. Terry Kubicka ọmọ Amẹ́ríkà ta á ní Òlíńpíìkì Innsbruck ní 1976, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi òfin dè é. Wọ́n ní ó léwu, òótọ́ sì ni, torí orí lè fọ́. Ìdí kejì tí wọ́n máa ń sọ ló mú mi rẹ́rìn-ín gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè: ẹsẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń balẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, fífò tòótọ́ nínú eré náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan. Gírámà ni wọ́n ń sọ. Gbólóhùn náà kò bá òfin mu torí ìparí rẹ̀.

Surya ń jó lọ nínú ìnira ní ọjọ́ yẹn. Ó ti ṣubú. Àmì-ẹ̀yẹ ti kọjá ibi tí ọwọ́ lè tó. Níbi tí ijó ti ń lọ sí òpin, ó ń fi ẹ̀yìn rìn nínú aṣọ aláwọ̀ sánmà tó ń dán yinrinyinrin, ó ju ara rẹ̀ sẹ́yìn, orí di ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ di òkè, ó sì balẹ̀. Ẹsẹ̀ kan. Ó tún gbólóhùn náà ṣe lójú wọn, ó fi ìparí tó bófin mu sí i, kò sì dúró, orí ẹsẹ̀ kan yẹn ni ó gbà kọjá lọ sínú ijó rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó ti ṣe é bẹ́ẹ̀ ní Òlíńpíìkì ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí orin parí, ó kọ ẹ̀yìn sí àwọn adájọ́, ó kọjú sí àwọn èrò ìwòran, wọ́n sì ń pariwo.

Wọ́n yọ máàkì rẹ̀. Ipò kẹwàá.

"Wọn ò ṣe dáadáa," oníbàárà màmá mi sọ, ó sì tún san owó ẹ̀wà rẹ̀ láì ná an mọ́, èyí tí màmá mi ṣì ń fi ṣe àwàdà.

Nagano ni ìdíje rẹ̀ ìkẹyìn. Lẹ́yìn rẹ̀, ó lọ ń jó fún owó nínú àwọn eré àṣehàn káàkiri Amẹ́ríkà, níbi tí kò ti sí adájọ́, òkìtì yẹn sì ni ohun tí àwọn èrò ń dúró dè ní alaalẹ́. Ó di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà ní 2004, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní eré náà. Ètò 6.0 náà ti kú. Ìjà lórí ìdájọ́ ní Òlíńpíìkì Salt Lake City ní 2002 ló pa á, nígbà tí wọ́n fi ẹ̀sùn kan adájọ́ ilẹ̀ Faransé pé ó ti tà ìbò rẹ̀ sáájú. Àjọ àgbáyé fi òfin dá adájọ́ náà àti olórí àjọ eré náà ní ilẹ̀ Faransé dúró fún ọdún 3. Olórí yẹn ni Didier Gailhaguet, ẹni ìtàn Réunion. Mi ò ní àlàyé kankan láti fi kún ìyẹn.

Lónìí, wọ́n ti pín ohun tí wọ́n ń pè ní ọnà sí mẹ́ta: bí ènìyàn ṣe mọ yìnyín tẹ̀ sí, bí wọ́n ṣe to ijó náà, àti bí ó ṣe gbé e kalẹ̀. Ó sàn díẹ̀. Ó kéré tán, adájọ́ ní láti mọ èyí tó ń sọ nínú wọn.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, Adam Siao Him Fa, ọmọ ilẹ̀ Faransé bíi Surya, ta òkìtì sẹ́yìn nínú ìdíje Yúróòpù. Wọ́n yọ máàkì 2 rẹ̀, ó sì gba wúrà síbẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, International Skating Union pàdé ní Las Vegas, ìlú tí Surya ti gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì yọ òkìtì kúrò nínú àkójọ èèwọ̀. Ọdún 26 lẹ́yìn Nagano. Kò sí ẹni tó dá máàkì rẹ̀ padà.

Ohun tó kù fún mi báyìí ni àfikún tó wà lẹ́yìn iṣẹ́ mi, níbi tí mo ti to àwọn ọ̀rọ̀ eré náà ní Yorùbá. Mo ní "ijó orí yìnyín" fún eré náà fúnra rẹ̀. Mo ní "ìyípo ẹ̀ta" fún fífò tí wọ́n ti ń yí po ní ìgbà 3. Fún ohun tí Surya ṣe ní Nagano, mo kọ "òkìtì ẹlẹ́sẹ̀kan", alábòójútó mi sì fi gègé pupa kọ àmì ìbéèrè sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, láìkọ ohun mìíràn. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí ibi tí eégún aláré ti ń jáde, bí wọ́n bá ní orúkọ fún un ní ọ̀dọ̀ yín nígbà tí ó bá ta òkìtì tó sì fi ẹsẹ̀ kan dúró, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n gbé e wọlé.